Ìdòwú, Ká Ìwé Kí O Tó Tẹ̀ Ẹ́

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó,
Sùúrùlérè,
Èkó.
Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ìdòwú, ọmọ mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé àyà rẹ á kọ́kọ́ já nígbà tí Kẹ́hìndé bá gbé àpòòwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí? Fọkàn balẹ̀. Ara mi le, ara màmá rẹ náà le koko. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi ló pọ̀ ju èyí tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù lọ. Ìwọ náà sì mọ̀ pé bí mo bá pè ọ́, n kò ní tíì sọ gbólóhùn méjì tí màmá rẹ á fi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi láti bi ọ́ bóyá o ti jẹun.

Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí o ti kúrò nílé wa ni ọ̀rọ̀ rẹ ti ń jà lọ́kàn mi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ọ́ ṣe olórí tíìmù níléeṣẹ́ yín ní Yaba, tí màmá rẹ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí èmi náà sì ń rìn kiri àdúgbò bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi joyè. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún ọ, iṣẹ́ gidi ni. Ẹ fẹ́ kó káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà ní ilé ìwòsàn kan ní Mushin sínú kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà lè máa rán àwọn ìyá létí ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ ọmọ wọn bá pé. Inú mi dùn sí i. Àfi bí o ṣe wọlé lọ́jọ́bọ̀, tí o jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, tí o ń sunkún bí ìgbà tí o wà ní kíláàsì kẹta.

O ní, "Dádì, mo ti pinnu. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mo máa sọ fún ọ̀gá wa pé kí wọ́n fi ẹlòmíì ṣe olórí. Mi ò tó o."

Màmá rẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ. Èmi dìde, mo jáde síwájú ilé. Ó dà bíi pé o rò pé mo ń bínú sí ọ. Lóòótọ́ ni inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ara mi ni mo ń bínú sí, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o wá kí wa, tí o ní kí n wá wo iṣẹ́ yín? O ṣí kọ̀ǹpútà rẹ sórí tábìlì oúnjẹ, o fi amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yín hàn mí, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní AI, èyí tó ń bá yín kọ kóòdù. O ṣàlàyé fún mi pé kóòdù ni àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. O tún sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní káàdì méjì tàbí mẹ́ta, nítorí àwọn ìyá máa ń sọ káàdì nù, wọ́n á sì gba òmíràn. Ilé ìwòsàn fẹ́ kí ẹ da gbogbo káàdì tó bá jẹ́ ti ọmọ kan náà pọ̀. Gbólóhùn kan péré ni o kọ sí ẹ̀rọ náà. Kíá, ó dá ọ lóhùn. Ó to ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́sẹẹsẹ láti orí nọ́ńbà kìíní dé ìkeje, ó wá bi ọ́ bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pà wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ni o fi tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", ojú rẹ kò sì tíì dé ìlà kejì. Kóòdù bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde, èmi náà sì pàtẹ́wọ́.

Mo rí i pé o kò kà á, ọmọ mi. Ó kọ mí lóminú. Mo kàn sọ lọ́kàn ara mi pé kí ni bàbá arúgbó tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ̀wé ní Mushin mọ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo pa ẹnu mi mọ́, ìyẹn sì ni ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mo wá gbọ́ pé nọ́ńbà kẹrin ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti ṣàkíyèsí pé orúkọ àbísọ kò ṣe é gbára lé, òótọ́ ló sì sọ. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé ni ọmọ wa ti ń gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, "Bébì" ni wọ́n sì máa ń kọ sórí káàdì. Bí a bá wá sọ ọ́ lórúkọ tán, bàbá á ní tirẹ̀, ìyá ìyá á ní tirẹ̀, èyí tó bá wá sẹ́nu ẹni tó gbé ọmọ wá ni nọ́ọ̀sì á kọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ ní òun kò ní wo orúkọ àbísọ rárá. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn bá jẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì ń gbé ilé kan náà, ọmọ kan ṣoṣo ni òun máa kà wọ́n sí. Ó sọ ọ́ kó tó ṣe é, kò fi pamọ́. Ìwọ ló sì fọwọ́ sí i, Ìdòwú, ìwọ tí o tẹ̀lé ìbejì wá sáyé. Má bínú pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ọ́. Ẹ̀rín náà bọ́ lẹ́nu mi ni.

Bí gbogbo ìbejì inú ìwé ilé ìwòsàn náà ṣe di ẹyọ ọmọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé iṣẹ́ lọ fi hàn wọ́n, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú káàdì, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Káàdì, ní kí o wá àwọn ìbejì kan tí òun rí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú jáde. Ọ̀kan nínú wọn ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ìkejì ṣàìsàn, wọ́n ní kó padà wá. Kọ̀ǹpútà yín gbé ọmọ kan jáde, ó ní ó ti gba abẹ́rẹ́, ó tán. O ní màmá náà wo ojú rẹ, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ọ́ pé, "Ọmọ mi, ẹnì kejì rẹ̀ dà?"

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun kò wọ́. Káàdì oníwèé ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn, kò sí ọmọ tó pàdánù abẹ́rẹ́. Ọ̀gá rẹ ní kí ẹ tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ní ìwọ náà ni kó ṣáájú. Ìwọ nìkan lo ní o kò ṣe mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Jọ̀wọ́ jókòó kí o ka ìtàn tí n kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí, nítorí ojú ń tì mí.

Nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìdó pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ Bàbá Láńre ni mo ti lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Mushin. O mọ bí ìwé kékeré olójú-ewé mẹ́rìndínlógún ṣe máa ń rí. Kì í ṣe ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni à ń tẹ̀. Orí pépà ńlá kan ni a máa ń to gbogbo rẹ̀ sí, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, a ó wá ká pépà náà títí yóò fi di ìwé. Nígbà tí pépà bá ṣì tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ, ojú ìwé kìíní á jókòó ti ìkẹrìndínlógún, ìkẹrin á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹtàlá, àwọn kan á sì dorí kodò. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ wa ni pé kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí a mú pépà òfìfo kan, kí a ká a bí ìwé náà yóò ṣe rí, kí a fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí a wá tẹ́ ẹ padà. Nígbà náà ni o máa rí ibi tí kálukú ń gbé. Dọ́mì ni àwa atẹ̀wé ń pè é. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi rìnrìn àjò lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn kan gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn wá, ọ̀la ni ìsìnkú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun nígbà náà, eré burúkú ló ń sá. Èmi, tí mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá kékeré, ní n kò nílò dọ́mì, orí mi ti gbà á. Mo to ojú ìwé, mo tan ẹ̀rọ, mo ń súfèé. Kí n tó mu omi tán, ẹ̀rọ ti tẹ gbogbo rẹ̀. A ká a, a gé e, a kó o sínú páálí, wọ́n gbé e lọ. N kò ṣí ẹyọ kan wò.

Mo ti gbé ojú ìwé kẹfà àti ìkeje sí ipò ìkẹwàá àti ìkọkànlá, mo sì gbé àwọn yẹn sí ipò ìkẹfà àti ìkeje. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn Bíbélì kíkà, àwọn ènìyàn ṣí ìwé, orin ìdágbére ẹ̀bá sàréè ni wọ́n bá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Wọ́n ti dágbére fún ìyá náà kí ẹnikẹ́ni tó ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Pásítọ̀ dúró, ó ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn, àwọn ọmọ olókùú ń wo ara wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, àkọ́bí ìyá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó gbé ẹ̀dà kan sórí tábìlì níwájú mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìyá kan ni mo ní. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì máa sin ín." Ó yí padà, ó lọ. Ìdòwú, irun orí mi ti funfun báyìí, ohùn ọkùnrin yẹn kò kúrò létí mi.

Nísinsìnyí, ìmọ̀ràn tí mo rí fà yọ níbẹ̀ nìyí.

Èkíní. Ẹ̀rọ tó ń sáré kò burú. Bí ó bá ṣe ń yára tó ni àṣìṣe tìrẹ náà á ṣe máa yára tó, ohun tó yẹ kí o mọ̀ nìyẹn. Pẹ̀lú ẹ̀rọ àtijọ́ tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ǹ bá ti rí àṣìṣe mi lórí ìwé kẹwàá. Nítorí náà, sọ fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pé kó má tíì kọ kóòdù kankan. Kó kọ́kọ́ to ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ àti ìdí tó fi fẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí o wá kà á. Ọwọ́ méjèèjì rẹ kó ṣófo nígbà tí o bá ń kà á, jẹ ẹ̀pà rẹ tán ná. Ibi tí kò bá yé ọ, bi í. Ibi tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ní kó yí i padà. Ọ̀rọ̀ orí ìwé ṣì rọrùn láti pa rẹ́ ju iṣẹ́ tí a ti ṣe tán lọ.

Èkejì. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Ẹ̀rọ yìí gbọ́n o, mo fi ojú ara mi rí i, ṣùgbọ́n a kò bí i sílé wa. Kò jẹun ìkómọ rí. Odidi ọ̀rọ̀ ni kí o máa sọ fún un. Gbogbo ohun tí o mọ̀ tí o rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an ni kí o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. O mọ ìbejì, o mọ̀ pé ọmọ wa máa ń ní orúkọ mẹ́fà, o mọ̀ pé ìyá ọkọ lè gbé ọmọ wá kó má mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ibo ni o kọ ọ́ sí?

O rántí ìtàn òwú dúdú tí màmá rẹ ti sọ títí ó fi sú yín. Nígbà tí Táíwò àti Kẹ́hìndé wà lọ́mọ ọwọ́, tí ara àwọn méjèèjì gbóná, ẹni tó bá ti mu oògùn nínú wọn ni màmá rẹ ń so òwú dúdú mọ́ lọ́rùn ọwọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ìyá wo ni kò ní dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ó ní, "Mo dá wọn mọ̀. Bó bá wá rẹ̀ mí ńkọ́?" Ó ti ronú sí i kó tó rẹ̀ ẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà ní ipò. Màmá rẹ kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ká ní òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà kẹrin yẹn kò ní kọjá.

Ẹ̀kẹta. Tọ oníṣẹ́ lọ kí o tó ronú tán. Bí mo bá ti ká dọ́mì, tí mo sì fi han ọmọ olókùú yẹn, ojú rẹ̀ á ti rí ohun tí ojú mi kò rí, nítorí òun ló ni ìyá. Lọ bá Màmá Káàdì. Má gbé kọ̀ǹpútà dání. Jókòó tì í láti àárọ̀ dọ̀sán, kí o máa wo bó ṣe ń ṣe é, kí o wá bi í pé irú ọmọ wo ló máa ń dà wọ́n láàmú jù. Bí o bá kó ohun tó bá sọ fún ọ fún ẹ̀rọ, ìwọ á rí i bí ẹ̀rọ náà á ṣe mọ iṣẹ́ lójijì.

Ohun tó tẹ̀lé e yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ ọ́, kí o má baà fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìsìnkú yẹn, ẹ̀rù wá ń bà mí ju bó ṣe yẹ lọ. Dọ́mì lórí dọ́mì ni mo ń ká. Ọ̀gá iléèwé kan láti Sùúrùlérè gbé iṣẹ́ wá, ó wá lẹ́ẹ̀kíní, mo ní mo ṣì ń wò ó, ó wá lẹ́ẹ̀kejì, mo ní mo ṣì ń wò ó. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kó pépà mi fún mi. Àwọn ọmọ yìí á ti gboyè jáde kí ẹ tó wò ó tán." Ètò kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá ti kà á, tí Màmá Káàdì ti gbọ́ ọ, tí àwọn ọmọ tíìmù rẹ ti bá ọ wá ihò inú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀dà kan wò ná. Ẹ fún ẹ̀rọ ní káàdì díẹ̀, ìbejì, ọmọ tó sọ káàdì nù, ọmọ tí wọ́n kọ "Bébì" fún, kí ẹ wo ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Ẹ má kó gbogbo ọmọ Mushin lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iṣẹ́ bá sì yà kúrò lójú ọ̀nà láàárín, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ padà sídìí ètò, ẹ tún un kọ. Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé mọ́, ìwọ bá mi kà á.

Ó ku ti ọjọ́ Ajé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. O ti dàgbà, Ìdòwú. Ekún tí o sun tó. Wo ẹ̀yìn, wo ohun tó gbé ọ ṣubú, kékeré ni, ó sì ní orúkọ. Kì í ṣe pé o kò tó o.

Mi ò tíì sọ bí ìtàn tèmi ṣe parí. Nígbà tí ọ̀gá mi dé láti Abẹ́òkúta, kò nà mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìwé ìsìnkú mìíràn wọlé, ó sì gbé e síwájú mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó gbé e fún ẹlòmíràn, mi ò lè ṣe é mọ́. Ó ní, "Ta ni kí n gbé e fún? Ẹni tí kò tíì ṣe irú àṣìṣe yìí rí?" Ó fa pépà òfìfo kan yọ, ó nà án sí mi. Mo gbà á. Iṣẹ́ yẹn ló bọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rán yín níwèé, ó sì mú ìwọ dé Yaba.

Gbogbo ìbejì Mushin ló nílò ẹni tí kò ní gbàgbé wọn láé. Nínú gbogbo ẹni tó wà níléeṣẹ́ yín, ta ló tún lè rántí wọn bí ìwọ? Mo mọ̀ pé o máa ṣe é, o sì máa ṣe é dáadáa. Kí Ọlọ́run tó mú ọ tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wá láyọ̀ fi ọgbọ́n ṣáájú ọwọ́ rẹ, kí iṣẹ́ rẹ má ṣe di ẹkún fún ìyá kankan.

Pépà òfìfo kan wà nínú àpòòwé yìí. Mo ti ká a fún ọ, mi ò kọ nọ́ńbà kankan sí i. Òwú dúdú tí o rí lára rẹ̀, màmá rẹ ló so ó, ó ní o kò nílò àlàyé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o tó ṣí kọ̀ǹpútà, tú òwú náà, mú pẹ́ńsù, kí o sì kọ nọ́ńbà kìíní.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàbá Ìbejì.